Ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù kọlu Mir: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú òfurufú

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1997, ọkùnrin mẹ́ta ń gbé inú ilé kan tí kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 390 sókè orí ilẹ̀ ayé. Mir ni wọ́n ń pe ilé náà. Vasily Tsibliyev, ará Rọ́ṣíà, ni ọ̀gá wọn. Aleksandr Lazutkin, ará Rọ́ṣíà bákan náà, ni ẹnjiníà. Ẹnìkẹta ni Michael Foale, ọmọ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, sì rán lọ bá wọn gbé. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ẹrù kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méje ya lọ́nà, ó lu ilé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde.

Kò sẹ́ni tó kú. Mo tètè sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti ka ìyókù. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni mo ti mọ ohun tó gbé ilé inú òfurufú ró gan-an. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, a kì í rí i. Ìgbà tí iná kú, tí fáànù dákẹ́, tí ilé ń fì láìsí ẹni tó di ìdarí rẹ̀ mú, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Ẹ̀bi tí wọ́n dá lẹ́yìn náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ìdarí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Irú ilé tí Mir jẹ́

Ìjọba Soviet ló fi yàrá àkọ́kọ́ Mir ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1986. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣírò pé yóò lò. Ọdún márùn-ún pé, Soviet fúnra rẹ̀ tú ká, Mir ṣì wà lókè, Rọ́ṣíà sì jogún rẹ̀ tòun ti gbogbo ìnáwó tó rọ̀ mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ kún: Kvant-1 dé ní 1987, Kvant-2 ní 1989, Kristall ní 1990, Spektr ní 1995, Priroda ní 1996. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló gun rọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá, tó wá so mọ́ ara ilé. Kvant-1 wà lẹ́yìn ilé. Àwọn mẹ́rin yòókù so mọ́ oríta kan níwájú, tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí ẹnu ọ̀nà ṣí sí ìhà gbogbo lára rẹ̀. Oríta yẹn lèèyàn ń gbà kọjá láti yàrá kan sí òmíràn.

Ẹ fọkàn sí àwọn ẹnu ọ̀nà náà. Nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn yàrá dé, ìgbà tí wọ́n dé tán ni wọ́n ń fa wáyà iná, wáyà kọ̀ǹpútà àti ọ̀pá afẹ́fẹ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ibo ni wọ́n ń fà á gbà? Ẹnu ọ̀nà kan náà tí èèyàn ń gbà ni. Nígbà tó fi máa di 1997, ilẹ̀kùn Spektr kò ṣeé tì mọ́, nítorí ìdì wáyà tó gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lókè nítorí pé òòfà ilẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó dé ibẹ̀ dáadáa. Ní gíga yẹn, díẹ̀ ló fi dín sí ti ilẹ̀ níbí. Mir ń já bọ̀ ni. Àmọ́ ó ń já bọ̀, ó sì tún ń sáré lọ síwájú, ó ń lọ tó kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Bó ṣe ń já bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ayé tó rí roboto ń tẹ̀ sẹ́yìn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó ń yí ayé ká láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 92. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bá a já bọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mọ ìwúwo ara wọn, tí ṣíbí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fi ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn.

Oòrùn ló ń fún ilé náà níná. Ẹni tó ń lo sólà nílé mọ̀ pé bí a bá kan páńẹ́lì mọ́ òrùlé tán, ó parí, oòrùn ni yóò máa wá bá a. Ti Mir kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀ péré, oòrùn yọ, ó tún wọ̀, bátìrì ló sì ń gbé wọn la òkùnkùn já. Ilé náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa kọjú sí oòrùn. Ohun tó ń yí i ni àwọn àgbá kẹ̀kẹ́ wúwo tó ń fi iná mànàmáná yí kíákíá tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá yí síhìn-ín, ilé á yí sọ́hùn-ún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́ mọ́ra: iná ń wá oòrùn, oòrùn ń wá kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ń wá iná. Bí ọ̀kan bá já, àwọn méjì tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ́síjìn tí wọ́n ń mí, omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Elektron ń fi iná ya omi sí méjì, ọ́síjìn á wọ inú ilé, wọ́n á da háídírójìn nù síta. Lára omi náà, inú ìtọ̀ wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òógùn àti èémí wọn tó bá di omi lára irin tútù, wọ́n ń gbá a jọ, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń mu ún. Ẹ̀rọ mìíràn, Vozdukh, ń fa afẹ́fẹ́ búburú tí ẹ̀dọ̀fóró ń tú síta, ó ń dà á nù sí òde.

Fáànù wà ní gbogbo yàrá, wọ́n ń kùn láìsinmi, iṣẹ́ wọn sì ju ìtura lọ. Nílẹ̀ níbí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jáde nímú wa fúyẹ́, yóò gòkè, tútù á wá rọ́pò rẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Níbi tí ohun gbogbo ti ń já bọ̀ pọ̀, kò sí fífúyẹ́, kò sí wíwúwo. Èémí ẹni tó bá sùn yóò dúró síwájú ojú rẹ̀ bí ìkùukùu, yóò máa mí in padà sínú, títí orí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Fáànù ló ń gbá a lọ.

Kí wá ni wọ́n ń wá kiri lókè? Ara èèyàn ló ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Egungun tí kò gbé ìwúwo máa ń gbẹ, iṣan a rọ, omi ara a ru gòkè sí orí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rìnrìn-àjò dé Mars yóò kọ́kọ́ mọ bóyá ara á gbà á. Valeri Polyakov, tó jẹ́ dókítà, gbé inú Mir fún ọjọ́ 437 gbáko, láti oṣù kìíní 1994 sí oṣù kẹta 1995, kó lè fi ara òun tìkára rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yẹn. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sórí àga. Ní ti Foale, lára iṣẹ́ tirẹ̀ ni ewéko kékeré kan, ẹbí mọ́sítádì, tó gbìn sínú àpótí tó níná, láti wò ó bóyá irúgbìn tó bá ti òkè so yóò hù bí wọ́n bá tún gbìn ín lókè.

Amẹ́ríkà ń san owó fún gbogbo èyí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là ni wọ́n fún Rọ́ṣíà, kí àwọn ènìyàn wọn lè gbé inú Mir, kí wọ́n kọ́ ìgbé òfurufú ṣáájú kí àwọn orílẹ̀-èdè tó pawọ́ pọ̀ kọ́ ibùdó tuntun, èyí tí a mọ̀ sí ISS lónìí. Owó yẹn wà lára ohun tí Mir fi ń jẹun.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀gbun

Ọdún 1997 kò dára fún Mir. Ọjọ́ 10 oṣù kejì ni Tsibliyev àti Lazutkin gbéra láti ilẹ̀. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n débẹ̀, ní ọjọ́ 23, tí agolo kan tí wọ́n ń sun láti fi rí ọ́síjìn nígbà tí èrò bá pọ̀ gbiná. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, wọ́n ń wá ìbòjú kiri. Lẹ́yìn ìyẹn, Elektron ń dákẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Ọ̀pá tó ń gbé omi ìtutù kiri ń jò, ooru mú. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àtúnṣe ni Lazutkin fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti oúnjẹ alẹ́. Oorun kò tó wọn.

Àárín ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹrù ti wọlé. Ọkọ̀ Progress kò ní awakọ̀ nínú. Ó ń gbé oúnjẹ, omi àti epo lọ sókè. Bí wọ́n bá kó ẹrù inú rẹ̀ tán, wọ́n á kó pàǹtírí sí i, wọ́n á tú u sílẹ̀, yóò já bọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ayé, yóò sì jóná. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Kurs ló ń bá a so mọ́ Mir. Ráda ni, ó ń wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti bí eré ṣe pọ̀ tó. Ilẹ̀ Ukraine ni wọ́n ti ń ṣe Kurs. Nígbà tí Soviet wà, ilé kan náà ni. Nígbà tó tú ká, Ukraine di orílẹ̀-èdè mìíràn, Rọ́ṣíà sì ń fi owó gidi rà á. Owó wọ́n wọn. Wọ́n wá ń rò ó pé bóyá àwọn lè pa Kurs tì, kí èèyàn kan máa jókòó nínú Mir, kó máa fi ọwọ́ fa Progress wọlé láti òkèèrè. TORU ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ yẹn: ojú tẹlifíṣọ̀n kan tó ń fi ohun tí kámẹ́rà iwájú Progress rí hàn, àti ọ̀pá ìdarí méjì, ọ̀kan fún yíyí, ọ̀kan fún títì.

Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Tsibliyev jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán kò wá. Ọkọ̀ tó wúwo yẹn ń bọ̀ wá bá ilé rẹ̀, kò sì rí i. Wọ́n ń sáré láti fèrèsé kan sí òmíràn títí wọ́n fi rí i, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní nǹkan bí igba mítà. Nílẹ̀, àwọn ẹnjiníà wádìí ohun tó fà á, wọ́n sì fura sí ráda Kurs pé òun ló ń da àwòrán rú. Ìpinnu wọn ni pé nígbà tó bá tún kàn, kí wọ́n pa ráda náà.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, lójú tèmi. Ráda tí wọ́n ní kí wọ́n pa yìí náà ló ń sọ jíjìnnà àti eré. Wọ́n gba àwòrán padà, wọ́n fi ìwọ̀n dù ú. Wọ́n wá ní kí ọkùnrin kan fi ojú lásán mọ bí ọkọ̀ ṣe súnmọ́ tó, nípa bí ilé rẹ̀ ṣe tóbi tó lójú tẹlifíṣọ̀n. Oṣù mélòó kan sì ti kọjá tó ti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dánra wò nílẹ̀. Àwọn àgbà ní igi gánńgán kò gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wò ó láti òkèèrè ni wọ́n yọ kúrò yìí.

Ọjọ́ náà gan-an

Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n tú Progress M-34 kúrò lára Mir, pẹ̀lú pàǹtírí nínú rẹ̀. Ó sún lọ sókèèrè. Ní ọjọ́ 25, Tsibliyev bẹ̀rẹ̀ sí í fà á padà wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, lára Kvant-1. Lazutkin àti Foale wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀rọ ìwọ̀nnà kékeré tó ń lo iná léésà wà lọ́wọ́ kí wọ́n lè wọn ọ̀nà bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ náà. Wọn kò rí i.

Láti òkè ni Progress ti ń bọ̀, nítorí náà kámẹ́rà rẹ̀ ń wo Mir pẹ̀lú ilẹ̀ ayé lẹ́yìn rẹ̀. Ìkùukùu funfun kún ibẹ̀. Mir kéré lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ìkùukùu. Fún ìgbà pípẹ́, ó jọ pé ọkọ̀ náà kò rìn rárá. Ohun tó bá ń bọ̀ tààrà wá bá ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ló ń rí: kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i, kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i, lójijì yóò kún gbogbo ojú. Nígbà tí Tsibliyev mọ̀ pé eré náà ti pọ̀ jù, ó tẹ bíréèkì, ó dì í mú, kò sì dúró. Lazutkin yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tó ti súnmọ́ gan-an. Wọ́n pariwo mọ́ Foale pé kó sá lọ sínú Soyuz, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń padà sílẹ̀.

Foale ń léfòó lọ síbẹ̀ nígbà tí ilé mì tìtì. Progress ti lu páńẹ́lì sólà Spektr, ó sì ti gbún ara yàrá náà. Eré rẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí eré ẹni tó ń rọra sáré fún ìlera láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù méje ni. Òfurufú lè gba ìwúwo lọ́wọ́ nǹkan, kò lè gba ipá rẹ̀.

Fèrè ìkìlọ̀ ń han. Foale mọ̀ ọ́n nínú etí rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n nínú ohun mìíràn: etí náà ń dì, ó ń là, bíi ti ẹni tó wà nínú bàálù tó ń gòkè. Afẹ́fẹ́ ń dín kù. Ọ̀nà méjì ló kù fún wọn. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ Soyuz kí wọ́n padà sílẹ̀, kí wọ́n fi Mir sílẹ̀ títí láé, tàbí kí wọ́n wá yàrá tó ń jò kí wọ́n sì pa á dé.

Lazutkin kò ní láti wá a. Ó rí ibi tí ọkọ̀ náà lù. Ó sáré lọ sẹ́nu Spektr, ó sì bá ìdì wáyà tí mo sọ níṣàájú níbẹ̀, ó lé ní mẹ́wàá, ó gba inú ẹnu ọ̀nà kọjá bí okùn tí wọ́n dì sẹ́nu kànga. Ó ń fa èyí tó ṣeé fà ya. Foale tú ti ẹnu Soyuz tán, ó wá bá a lọ́wọ́ sí i. Àwọn wáyà kan kò ní orí tó ṣeé tú. Lazutkin wá ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Iná wà nínú wáyà yẹn, iná àwọn páńẹ́lì sólà Spektr tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ń ta pàrà níwájú rẹ̀, ó sì ń gé e lọ.

Wáyà tán, ó kan ilẹ̀kùn. Inú Spektr ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, inú lọ́hùn-ún ló sì ń ṣí sí. Afẹ́fẹ́ gbogbo ilé ń rọ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn lọ síbi ihò, wọn kò lè fà á padà mọ́ra. Wọ́n wá mú ìdérí kan tó fúyẹ́, tó wà ní oríta, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà láti ìhà tiwọn. Afẹ́fẹ́ kan náà tó ń sá lọ ló fà á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pinpin. Etí wọn dákẹ́. Ohun tó ń pa wọ́n lọ ló ti ilẹ̀kùn fún wọn. Mo ti ka ibi yìí léraléra, ọwọ́ mi kì í sì í kúrò ní àyà.

Òkùnkùn

Wọ́n ti yè, ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n gé ni iná ń gbà wọlé. Spektr ni yàrá tuntun tó ní páńẹ́lì tó dára jù, apá tó pọ̀ nínú iná ilé ló ń ti ibẹ̀ wá. Ìkọlù náà tún ti ju Mir sínú yíyí, páńẹ́lì tó kù kò kọjú sí oòrùn dáadáa mọ́. Ìdè mẹ́ta tí mo sọ níṣàájú ń já lọ́kọ̀ọ̀kan: iná lọ sílẹ̀, àgbá kẹ̀kẹ́ dúró, oòrùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bátìrì ń kú. Fáànù dákẹ́, yàrá sí yàrá. Ilé tó ti ń kùn láti ọdún 1986 wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Àwọn tó ń darí nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moscow, lè yin ẹ́ńjìnì Mir láti dá yíyí náà dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti mọ bó ṣe ń yára yí tó, kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìyẹn ti kú. Foale lọ síbi fèrèsé. Ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, Cambridge ló ti gboyè dókítà. Ó na apá rẹ̀ gbọọrọ, ó gbé àtàǹpàkò sókè sí iwájú àwọn ìràwọ̀, ó sì ń wò ó bí ìràwọ̀ ṣe ń kọjá lẹ́yìn àtàǹpàkò náà. Àtàǹpàkò tí a nà jìnnà sójú ní ìwọ̀n tó mọ̀ lára àyíká ojú ọ̀run. Bí ó bá ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ìràwọ̀ fi kọjá, ó ti mọ eré ilé. Ó rí i pé ó tó dígírì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé ilé náà ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n fi rédíò sọ ọ́ fún àwọn ará ilẹ̀. Wọ́n yin ẹ́ńjìnì lórí ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò, yíyí náà sì dín kù.

Kò tíì tán. Ilé dúró, kò kọjú sí ibi tó yẹ, iná tó kù sì kú pátá. Ó wá di dandan kí wọ́n lo Soyuz, tó ní epo àti bátìrì tirẹ̀, láti ti gbogbo Mir. Ọkọ̀ kékeré ń ti ilé ńlá tó wúwo tó tọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tsibliyev wà nínú Soyuz ní ìdí ẹ́ńjìnì, Foale wà lójú fèrèsé, ó ń sọ ìhà tí wọ́n máa tì sí. Wọ́n gbìyànjú, ó kọjá ibẹ̀. Wọ́n tún gbìyànjú. Nígbẹ̀yìn, oòrùn bọ́ sójú páńẹ́lì, bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu iná díẹ̀díẹ̀.

Ohun ìní Foale, aṣọ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀, púpọ̀ nínú irinṣẹ́ ìwádìí Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ìdérí yẹn nínú Spektr, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí mọ́. Yàrá mìíràn ló ti ń sùn láti ìgbà náà. Àwọn ewéko rẹ̀ kò sí ní Spektr. Wọ́n yè. Wọ́n so, ó ká irúgbìn wọn, ó tún un gbìn, ó sì hù.

Ìtọ́jú àti ẹ̀bi

Ní oṣù keje, ọkàn Tsibliyev bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní kó má ṣe wọ Spektr lọ ṣàtúnṣe mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn nínú oṣù yẹn, wọ́n yọ wáyà kan tí kò yẹ ní yíyọ, Mir tún pàdánù oòrùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí oorun ṣe wọ́n àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tó kò ní í yà á lẹ́nu.

Anatoly Solovyov àti Pavel Vinogradov ló wá rọ́pò wọn ní oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, wọ́n wọ aṣọ òfurufú nínú ilé fúnra rẹ̀, wọ́n fa afẹ́fẹ́ kúrò ní oríta, Vinogradov sì wọ inú Spektr tó ṣókùnkùn. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jò, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n so wáyà sólà Spektr mọ́ ìdérí tuntun kan tí wọ́n ti lu ihò wáyà sí lára láti ilẹ̀, tí iná lè gbà kọjá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe é. Púpọ̀ nínú iná náà padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, Solovyov àti Foale jáde síta gidi, wọ́n lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ní ẹ̀yìn Spektr, wọ́n ń wá ibi tó lu. Wọn kò rí ihò náà. Kò sẹ́ni tó rí i títí Mir fi wá sílẹ̀, tí ìyókù rẹ̀ já sínú òkun Pàsífíìkì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2001.

Tsibliyev àti Lazutkin ti padà sílé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ. Àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó yẹ kó rọ ìbọ́sílẹ̀ Soyuz kò ṣiṣẹ́ nígbà tó yẹ, wọ́n fi ara gbá ilẹ̀ gidi. Kí wọ́n tó dé ni àwọn aláṣẹ ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé ọwọ́ àwọn tó wà nínú ilé ni àṣìṣe ti wá. Tsibliyev jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún wọn pé àṣà àwọn ni láti wá ẹni tí àwọn yóò di ẹ̀bi rù. Nígbà tó yá ni wọ́n wá gba ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn wọn.

Èmi kò sọ pé ọwọ́ Tsibliyev kò sí nínú rẹ̀. Òun ló di ọ̀pá ìdarí mú, ó sì pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gba oorun lójú rẹ̀, tí wọ́n sì fún ní ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méje kó fi ojú wọlé sí ilé tó ń gbé, àwọn tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Àwọn náà sì ní ẹni tí owó ń fúnpá mọ́ lẹ́yìn wọn. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn wá síwájú, ọwọ́ ẹni tó ń darí ló jẹ́ ìgbẹ̀yìn nínú gbogbo rẹ̀.

Foale tún lọ sí òfurufú. Láti oṣù kẹwàá 2003 sí oṣù kẹrin 2004, òun ni ọ̀gá ilé nínú ISS. Àwọn Progress tó ń lọ síbẹ̀ ń lo Kurs, TORU sì wà fún ìgbà tí Kurs bá kọ̀. Ní ti Tsibliyev, ní 2003 wọ́n fi í ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ Gagarin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moscow, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń lọ sókè ti ń gba ẹ̀kọ́. Ó wà lórí àga náà títí di 2009. Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ ni bí a ṣe ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan, tí a ń di ọ̀pá méjì mú, tí a ń fi ọwọ́ fa ọkọ̀ Progress wọlé.